Ọkọ̀ Porsche tí wọn kò nu eruku Áfíríkà kúrò lára rẹ̀: Báwo ni wọ́n ṣe ń dènà ìpẹtà láìba ojúlówó ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́?

Ní ìlú Stuttgart, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ọkọ̀ asáré kan wà lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iléeṣẹ́ Porsche tí ara rẹ̀ ṣì kún fún eruku àti ìdọ̀tí. Kì í ṣe pé kò sí omi tí wọ́n lè fi fọ̀ ọ́. Oṣù Kínní ọdún 1986 ni ìdọ̀tí náà ti wà lára rẹ̀, nígbà tó la aṣálẹ̀ Sàhárà já, tó gba Niger àti Mali kọjá, tó sì dé Dakar, olú ìlú Senegal, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tó gbégbá orókè nínú ìdíje Paris-Dakar.

Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní àwọn fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i.

Lójú ẹni tó máa ń fọ mọ́tò rẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, èyí lè jọ ìwà ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìpinnu yìí ni àríyànjiyàn kan wà tó ti wà láàárín àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún: bí irin bá ń jẹrà, ṣé ká bó gbogbo rẹ̀ dànù ká tún un ṣe kó máa dán gbinrin, àbí ká dá ìjẹrà náà dúró, ká sì fi àpá tí ọjọ́ orí dá sí i lára sílẹ̀?

Ìbéèrè náà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn olówó Yúróòpù nìkan. Ó kan ọkọ̀ kan tó wà ní Onikan, ní ìlú Èkó, tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà mọ ìtàn rẹ̀.

Kí ló ń jẹ irin?

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ irin àti ìpẹtà rí. Nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa irin, ó ti so mọ́ ọ́síjìn, ó sì rí bí òkúta pupa. Iná ńlá ni wọ́n fi ń yọ́ ọ kí irin gidi tó jáde. Láti ọjọ́ náà ni irin ti ń wá ọ̀nà àtipadà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí omi àti ọ́síjìn bá ti jọ kàn án lára, ìrìnàjò náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí iyọ̀ bá tún wà níbẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n da epo síná.

Ìdí nìyí tí ara ọkọ̀ tó wà ní Kano tàbí Agadez, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, fi máa ń pẹ́ ju ti èyí tó wà ní Èkó, Cotonou, Lomé tàbí Accra lọ, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé ọ̀rinrin àti iyọ̀ wá láti orí òkun.

Ní àwọn ibi tó tutù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn fúnra wọn ló ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ mọ àbájáde rẹ̀ dáadáa. Òkè mọ́tò lè máa dán bíi dígí, kí abẹ́ rẹ̀ sì ti jẹ tán.

Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà dáàbò bo irin ni kí wọ́n fi síńkì bò ó. Ohun tí wọ́n ṣe sí páànù tí a fi ń bo ilé gan-an nìyẹn. Síńkì ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ìyà tó yẹ kó jẹ irin. Ọjọ́ tí síńkì bá tán ni irin máa ń yọjú. Ẹni tó bá ti dúró lórí òkè Mapo ní Ìbàdàn, tó wo òrùlé àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀, ti rí bí páànù tí síńkì rẹ̀ ti tán ṣe máa ń pọ́n.

Ọkọ̀ tó rẹwà, irin tí kò ní ààbò

Ní oṣù Kẹta ọdún 1961, iléeṣẹ́ Jaguar ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí aṣọ lójú ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní E-Type ní ìlú Geneva. Títí di òní, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó wà lára àwọn ọkọ̀ tó rẹwà jù lọ tí wọ́n tíì ṣe. Ṣùgbọ́n ẹwà kò ní kí irin má dógùn-ún.

Irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń jó pọ̀ láti fi ṣe ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti jó irin méjì pọ̀, àlàfo máa ń wà láàárín wọn bí inú ọparun. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ìta kì í dénú ibẹ̀. Bí omi bá wá gba ihò kékeré kan wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde. Láti inú ni ìpẹtà ti ń jẹ irin bọ̀ wá síta. Nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá fi máa rí i pé ọ̀dà ti wú bí ara tí omi gbígbóná jó, inú ti bàjẹ́ kọjá ohun tí ojú rí.

Nígbà náà, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kò lérò pé ẹnikẹ́ni yóò fẹ́ kí ọkọ̀ wọn pé ọgọ́ta ọdún. Bí ọkọ̀ bá gbó, ẹ ó ra òmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà di ìtìjú gbangba ní ọdún 1980, nígbà tí iléeṣẹ́ Lancia ti ilẹ̀ Ítálì ń ra àwọn ọkọ̀ Beta kan padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ìpẹtà ti jẹ irin tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró. Orúkọ Lancia kò fi bẹ́ẹ̀ gbéra padà nílẹ̀ náà lẹ́yìn ìyẹn.

Iléeṣẹ́ Porsche gba ọ̀nà tirẹ̀. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ 911 han aráyé ní ìlú Frankfurt. Nígbà tí ọdún 1960 sí 1969 fi ń parí lọ, wọ́n ti dán an wò láti fi irú irin tí kì í dógùn-ún, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí àti ìkòkò ìgbàlódé, ṣe ara ọkọ̀ náà. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n fi dánra wò wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Deutsches Museum ní Munich. Ṣùgbọ́n irin náà wọ́n, ó sì ṣòro láti tẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ìgbà tó di ọdún 1975 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin tí wọ́n fi síńkì bò tinú tòde. Wọ́n fọwọ́ sọ̀yà pé fún ọdún 6, ìpẹtà kò ní lu abẹ́ ọkọ̀ náà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ìpẹtà ti pa 911 kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo síńkì. Àwọn yìí gan-an sì ni iye wọn ga jù lónìí.

Nígbà tí dídán nìkan ló ń gba ẹ̀bùn

Láti ọdún 1950 ni àwọn tó ní ọkọ̀ olówó iyebíye ti ń pàdé ní Pebble Beach, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti mọ ọkọ̀ tó dára jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀bùn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé ọkọ̀ òun ń dán ju bó ṣe ń dán lọ́jọ́ tó kúrò ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ á bó gbogbo ọ̀dà ara ọkọ̀, wọ́n á gé gbogbo ibi tó bá dógùn-ún sọnù, wọ́n á ju awọ àga ìjókòó rẹ̀ nù, wọ́n á sì rán tuntun. Nígbà tí wọ́n bá fi máa parí, nọ́ńbà tó wà lára irin lè jẹ́ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tó kù jẹ́ iṣẹ́ àná.

Kí ni wọ́n pàdánù? Yorùbá ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ọkọ̀ ní ọdún 1960 ní àwọ̀ àti bó ṣe nípọn tó. Àmì ṣọ́ọ̀kì tí òṣìṣẹ́ kan fà sí ẹ̀yìn irin kí ẹni tó kàn lè mọ ibi tó máa lù wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe rán awọ àga, bí wọ́n ṣe jó irin pọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà kan. Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, tó lè dá ẹ̀rí náà padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi nǹkan ha á kúrò. Ohun tó lè ṣe ni kó ṣe ohun tó jọ ọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni èrò yí padà. Pebble Beach fúnra rẹ̀ ti wá ní ìsọ̀rí tó wà fún àwọn ọkọ̀ tí wọn kò tún ṣe rárá. Ní ọdún 2012, àjọ FIVA, tó jẹ́ àjọ àgbáyé fún ọkọ̀ àtijọ́, fọwọ́ sí ìwé ìlànà kan tí wọ́n pè ní Ìwé Àdéhùn Turin. Wọ́n wo àwòkọ́ṣe Ìwé Àdéhùn Venice ti ọdún 1964, èyí tó wà fún ilé àti àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Kókó rẹ̀ ni pé ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ ẹ̀rí ìtàn bíi ti ilé àtijọ́, pé kí wọ́n fọwọ́ kàn án níwọ̀nba, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀, kí wọ́n sì fi àmì sára ohun tuntun tí wọ́n bá fi kún un.

Owó náà tẹ̀ lé èrò yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2015, ní ìlú Paris, iléeṣẹ́ Artcurial ta àwọn ọkọ̀ tí ìdílé Baillon ti fi sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìwọ̀ oòrùn Faransé. Ferrari kan wà nínú wọn, 250 GT California Spider, tí ìwé ìròyìn àtijọ́ kún orí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rí i. Wọn kò fọ̀ ọ́, wọn kò kùn ún. Bó ṣe wà nínú eruku ni wọ́n ta á, iye tó sì mú wá lé ní mílíọ̀nù 16 Yúrò.

Nọ́ńbà 57: Nígbà tí ìpẹtà ti jẹ kọjá ààlà

Ṣùgbọ́n ńkọ́ bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ̀rí náà fúnra rẹ̀? Ohun tó dojú kọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Porsche ní ọdún 2014 nìyẹn.

Àwọn tó ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní Jámánì ló rí ọkọ̀ méjì nínú abà kan ní ìpínlẹ̀ Brandenburg, ni wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà pé èló ni wọ́n lè tà. Nígbà tí wọ́n wo nọ́ńbà tó wà lára ọ̀kan, 300.057 ni wọ́n bá níbẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 1964 ni wọ́n ṣe é, nígbà tí orúkọ ọkọ̀ náà kò tíì di 911. 901 ni wọ́n ń pè é nígbà náà.

Iléeṣẹ́ tí àwọn ará Nàìjíríà mọ̀ bí ẹní mọ owó ló fa ìyípadà orúkọ náà. Peugeot sọ pé àwọn nìkan ló láṣẹ ní Faransé láti fi nọ́ńbà mẹ́ta tí òdo wà láàárín pe ọkọ̀. Ẹ rántí 404, ẹ rántí 504 àti 505. Òdo wà láàárín gbogbo wọn. Porsche fi 1 rọ́pò òdo, orúkọ náà sì di 911. Ọkọ̀ 82 péré ni wọ́n ti ṣe lábẹ́ orúkọ 901, nọ́ńbà 57 sì wà lára wọn.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ra àwọn ọkọ̀ méjèèjì. Ìpẹtà ti ba nọ́ńbà 57 jẹ́ gidigidi, irin tó bo táyà iwájú rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyókù á tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá sì fi irin tuntun ṣe gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n máa ní lọ́wọ́.

Ọ̀nà àárín ni wọ́n gbà. Wọ́n wá ara ọkọ̀ 911 mìíràn tí wọ́n ṣe láyé ìgbà náà, wọ́n gé irin tó dára lára rẹ̀, wọ́n sì fi dí ibi tó ti jẹ lára nọ́ńbà 57. Ibikíbi tí irin àkọ́kọ́ bá ti lè dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀fọ́kù kékeré, wọ́n fi sílẹ̀. Ìlànà kan náà ni wọ́n lò fún ẹ́ńjìnnì, jíà, wáyà iná àti inú ọkọ̀ náà: tún ti àtijọ́ ṣe kí o tó ronú àtifi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fún un ní ohun tí kò ní lọ́dún 1964. Wọ́n ri gbogbo ara rẹ̀ bọ inú omi ọ̀dà tí wọ́n fi iná mànàmáná lẹ̀ mọ́ irin, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ọkọ̀ tuntun lónìí, kí ààbò lè dé gbogbo kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò lè dé. Orí rẹ̀ ni wọ́n wá kun àwọ̀ pupa tó ní tẹ́lẹ̀ sí. Iṣẹ́ náà gba ọdún 3, wọ́n sì gbé e síta fún àwọn èèyàn láti wò ní oṣù Kejìlá ọdún 2017.

Ṣé ojúlówó ni? Àwọn kan yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí irin rẹ̀ jẹ́ ti ayé ìgbà náà. Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀dà ìgbàlódé kò sí níbẹ̀ lọ́dún 1964. Ohun tó dájú ni pé láìsí ọ̀dà náà, wọ́n á tún padà sídìí iṣẹ́ kan náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Paris-Dakar: Nígbà tí ìdọ̀tí di ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ 959 tí a fi bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀. Ọdún 1984 ni Porsche kọ́kọ́ gbégbá orókè nínú Paris-Dakar, pẹ̀lú 911 tí wọ́n tún ṣe kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lè máa wa ọkọ̀ lọ. René Metge, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló wà á. Ní 1985, wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ wọn kò dé òpin. Ní 1986, wọ́n kó ọkọ̀ 959 mẹ́ta wá. Metge àti Dominique Lemoyne ṣe ipò kìíní, Jacky Ickx àti Claude Brasseur ṣe ipò kejì. Ọkọ̀ kẹta, tó kó irinṣẹ́ fún àwọn méjì yòókù, ṣe ipò kẹfà.

Ọdún tó burú ni ọdún náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kínní, bàlúù hẹlikópítà já lórílẹ̀-èdè Mali, ó sì pa Thierry Sabine tó dá ìdíje náà sílẹ̀, olórin Daniel Balavoine àti àwọn mẹ́ta mìíràn. Ìdíje náà tẹ̀ síwájú títí dé Dakar.

Nítorí náà, ìdọ̀tí ara ọkọ̀ Metge kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ojú ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti oṣù náà ló wà níbẹ̀: eruku tó kó sí kọ̀rọ̀, ibi tí òkúta ti ha ọ̀dà, ibi tí igi tàbí iyanrìn ti fọwọ́ bà á. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, ọkọ̀ tó mọ́ ni yóò kù, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí kò ní rí nǹkan kan kà lára rẹ̀ mọ́.

Wọ́n tún mú ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ 959 ìdíje náà, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì mú un padà sí ipò tó ti lè rìn. Ọ̀pọ̀ ohun tó bo ara irú ọkọ̀ náà jẹ́ Kevlar, tí kì í dógùn-ún, ṣùgbọ́n egungun irin wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹyọ kan ń rìn kí àwọn èèyàn lè gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹyọ kan dúró jẹ́ẹ́ kó lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní ju ẹyọ kan lọ ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ẹyọ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan.

Bugatti tó sùn nínú adágún

Àwọn kan ti lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2009, àwọn òmùwẹ̀ fa ọkọ̀ asáré Bugatti Brescia kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1925 jáde láti inú adágún Maggiore, nítòsí ìlú Ascona ní Switzerland. Ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1936, ní ibi tó jìn tó mítà 53. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé gbèsè owó ibodè ló wà lórí rẹ̀, tí wọ́n fi rì í sómi.

Ẹ̀gbẹ́ tó sùn sínú ẹrẹ̀ kò bàjẹ́ tó ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè, nítorí ẹrẹ̀ kò jẹ́ kí ọ́síjìn rí irin náà dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ kejì ti jẹ di wọ́ọ́wọ́ọ́.

Ní oṣù Kínní ọdún 2010, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Paris fún 260,500 Yúrò. Peter Mullin, ọmọ Amẹ́ríkà tó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ní California, ló rà á. Ó lówó tó láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe jáde nínú omi ló ṣe gbé e kalẹ̀ fún àwọn èèyàn láti wò, nítorí pé ìpẹtà náà gan-an ni ìtàn ọkọ̀ yẹn. Tí wọ́n bá mú un kúrò, Bugatti bíi ti àwọn yòókù ló máa dà.

Mercedes Murtala: Ihò tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí

Bí èyí bá jọ eré olówó lójú yín, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, àwọn sójà tó fẹ́ gba ìjọba da ìbọn bo Ọ̀gágun Murtala Mohammed, olórí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ìkòyí, ní Èkó. Ọkọ̀ Mercedes-Benz dúdú tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Onikan, pẹ̀lú ihò ọta ìbọn lára rẹ̀.

Kì í ṣe ọkọ̀ asáré. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ mìíràn ní Nàìjíríà tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere tó o. Pánẹ́ẹ̀lì bítà tó mọṣẹ́ lè dí gbogbo ihò náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí pẹ́ńtà sì kùn ún kó dúdú minimini. Ọkọ̀ náà á lẹ́wà, ìdí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń wá wò ó á sì ti parẹ́.

Síbẹ̀, fífi sílẹ̀ lásán kì í ṣe ìtọ́jú. Níbi tí ọta bá ti la ọ̀dà kọjá, irin ibẹ̀ wà ní ìhòòhò. Onikan kò sì jìnnà sí ọ̀sà àti òkun. Bí ọ̀rinrin bá ń bá etí ihò náà lọ́dọọdún, ihò tí ọta ìbọn dá á di ihò tí ìpẹtà dá, títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè fi ìyàtọ̀ sí i mọ́. Àìfọwọ́kàn tí kò ní ìtọ́jú nínú máa ń pa ẹ̀rí rẹ́ bíi ti ọ̀dà tuntun, àfi pé tirẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá ìpẹtà dúró láìpa ìtàn rẹ́?

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà kò ní idán nínú, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ní ọkọ̀ bàbá rẹ̀ nílé mọ̀ ọ́n.

Afẹ́fẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mójú tó. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, irin máa ń yára dógùn-ún. Ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú yàrá lè ṣe ohun tí ọ̀dà mẹ́wàá kò lè ṣe. Níbi tí kò bá ti sí iná mànàmáná déédéé, àtíbàbà tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá sàn ju kí wọ́n fi tapólì wé ọkọ̀ lọ. Tapólì máa ń sé ọ̀rinrin mọ́ inú.

Lẹ́yìn náà ni iyọ̀ àti ẹrẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń rìn, wọ́n máa ń fọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣí àwọn ihò kéékèèké tí iléeṣẹ́ fi sílẹ̀ fún omi láti jáde. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ewé àti ìdọ̀tí ló máa ń dí wọn.

Fún àwọn àlàfo tó dà bí inú ọparun, wọ́n máa ń fín ìda tó yọ́ sínú wọn. Ó máa ń wọ kọ̀rọ̀, ó máa ń lé omi, wọ́n sì lè yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì: ohun tí wọ́n bá fi dáàbò bo ọkọ̀ àtijọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹlòmíràn lè mú kúrò láìpa nǹkan kan lára. Ọ̀dà dúdú líle tí wọ́n máa ń fi kun abẹ́ mọ́tò kì í rí bẹ́ẹ̀. Bó bá gbẹ, tó sì sán, omi á wọ abẹ́ rẹ̀, ìpẹtà á sì máa ṣiṣẹ́ níbi tí ojú kò tó.

Níbi tí ìpẹtà bá ti wà ṣùgbọ́n tí irin ṣì le, wọ́n lè fi èròjà tannin, irú èyí tó wà nínú èèpo igi tí àwọn oníṣẹ́ awọ ń lò, pa á. Ó máa ń sọ ìpẹtà di ohun dúdú tí kì í yára jẹ mọ́. Wọ́n á wá fi ìda tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Àpá náà á ṣì wà, ṣùgbọ́n kò ní tóbi sí i.

Ibi tí irin bá ti lu nìkan ni wọ́n ti ń gé. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó gé e, wọ́n á fi àmì àti ọdún sẹ́yìn irin tuntun tí wọ́n bá jó mọ́ ọn, wọ́n á sì tọ́jú èyí tí wọ́n gé. Ẹni tó bá ń jó irin tuntun lé ìpẹtà lórí ń bo egbò tí kò tíì san ni.

Ọkọ̀ tiwa ńkọ́?

Ní ọdún 1975, iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kaduna. Ọdún náà gan-an ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ojo, ní Èkó. 504 di ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n àti ọkọ̀ akérò ọ̀nà jíjìn. Ìjàpá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe Volkswagen kékeré náà, kò sì sí àdúgbò tí kò dé.

Lónìí, ọ̀pọ̀ lára wọn ti di àlòkù irin tí wọ́n gbé lọ yọ́. Àwọn tó kù, tí wọ́n bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn wọn, ewu mìíràn tún máa ń dé: àwọ̀ tuntun, àga tuntun, ẹ́ńjìnnì láti ara ọkọ̀ mìíràn. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, kò sì sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí gbogbo 504 tí wọ́n tò ní Kaduna bá di èyí tí wọ́n tún kùn, tí wọ́n tún rán, ta ni yóò mọ bí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Kaduna ṣe rí lọ́dún 1975?

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ àgbà tó wà lẹ́yìnkùlé yín lọ sọ́dọ̀ pẹ́ńtà, ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ tinú tòde. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ ṣáájú òkè. Ẹ lé omi àti ọ̀rinrin jìnnà sí i, ẹ tọ́jú ohunkóhun tó bá já bọ́ lára rẹ̀, ẹ sì kọ ìtàn ẹni tó wà á sínú ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá ṣì fẹ́ kùn ún, ẹ lè kùn ún ní ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀dà kò ní wọ́n lọ́jà, àmọ́ èyí tí ẹ bá bó kúrò lára rẹ̀ lónìí, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.